Orí Pípá àti Irun tí Ó Ń Re: Ìtọ́jú Irun Ọkùnrin ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

1. Ìfáárà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ máa ń ṣe ọdún Igogo, èyí tí wọ́n fi ń rántí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹnrẹngẹnjẹn. Ọjọ́ 17 ni ọdún náà máa ń gbà. Ní àkókò yìí, èèwọ̀ ni ìlù lílù ní ìgboro. Agogo ni wọ́n ń lù dípò rẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ọkùnrin dé fìlà, èèwọ̀ sì ni kí obìnrin wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ àti àwọn ìjòyè gíga a máa dirun bí obìnrin, wọn a sì fi iyùn ṣe ara wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ìlú tí ó ní irú àṣà báyìí, irun orí ọkùnrin kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Fìlà ni ìtọ́jú tí ó rọrùn jù lọ tí ọkùnrin Yorùbá ní fún orí tí ó pá. Nígbà tí èèwọ̀ bá ká fìlà kúrò, ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ di àwòṣífìlà fún gbogbo ayé.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan agbègbè náà gbọ̀ngbọ̀n. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, tí Ìfọ̀n jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, wà lára àwọn ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Irun tí ń re wà lára àwọn ohun tí ibà náà lè fi sílẹ̀ lára ẹni tí ó bá yè é. Nítorí náà, ọkùnrin méjì lè jókòó sí ojúlé kan náà ní Ìfọ̀n tàbí ní Ìpèlé, kí irun máa kúrò lórí àwọn méjèèjì, kí ó sì jẹ́ pé ohun tí ó fa ti ọ̀kan kò bá ti èkejì tan rárá.

Ohun tí pépà yìí fẹ́ fi hàn ni pé kò sí ìtọ́jú kan ṣoṣo fún irun tí ó kúrò lórí ọkùnrin, nítorí pé kì í ṣe okùnfà kan ṣoṣo ni ó ń mú un kúrò. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín in sí. Èkíní ni irun tí ó re, tí yóò sì tún hù fúnra rẹ̀. Èkejì ni orí pípá ti ìdílé, tí a lè fà sẹ́yìn díẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò lè wò sàn pátápátá. Ẹ̀kẹta ni irun tí àrùn ń mú lọ, èyí tí ó lè má hù mọ́ láéláé bí a bá fi ìtọ́jú rẹ̀ falẹ̀. Sùúrù ni olórí ìtọ́jú fún ti èkíní, ìpinnu ọlọ́kàn tútù ni fún ti èkejì, ìyára sì ni fún ti ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó bá gbé ìtọ́jú ọ̀kan fún òmíràn yóò pàdánù owó, ó sì lè pàdánù ohun tí ó ju owó lọ.

2. Ọ̀rọ̀ tí èdè Yorùbá ń lò

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ kíyè sí i pé èdè Yorùbá kò da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Orí ni ó ń pá. Irun ni ó ń re. Bí a bá sọ pé orí ọkùnrin kan pá, ipò tí orí náà wà ni à ń sọ, ìdí nìyí tí a fi ń pe olúwarẹ̀ ní apárí. Bí a bá sọ pé irun rẹ̀ ń re, ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ń lọ lọ́wọ́ ni à ń ròyìn. Ẹni tí irun rẹ̀ ń re lè má di apárí títí yóò fi kú. Ọ̀pọ̀ apárí ni kò sì rí ọjọ́ kan tí irun jábọ́ lórí rẹ̀ ní ìdìpọ̀, nítorí pé ńṣe ni irun náà ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi hàn mọ́. Làpálàpá sì tún ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí yóò pe ọmọ tí làpálàpá jẹ irun rẹ̀ ní apárí.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ilé ìwòsàn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Nínú Ìwé Léfítíkù orí 13, àlùfáà ni a fún ní iṣẹ́ àtiwo orí ọkùnrin tí irun rẹ̀ kúrò. Bí orí bá kàn pá lásán, kò sí àbùkù kankan lára ẹni náà. Ṣùgbọ́n bí ojú egbò bá wà lórí ibi tí ó pá náà, ọ̀ràn ti yí padà nìyẹn, àrùn ni. Àwọn tí ó kọ òfin náà mọ̀ pé kì í ṣe irun tí ó lọ ni a ń wò, bí kò ṣe awọ orí tí irun fi sílẹ̀. Ìlànà yìí kan náà ni àwọn oníṣègùn awọ ara ń lò lónìí.

3. Bí irun ṣe ń hù àti bí ó ṣe ń re

Irun tí ó wà lórí àgbàlagbà kan tó nǹkan bí 100,000. Ìdí irun kọ̀ọ̀kan ní àsìkò iṣẹ́ àti àsìkò ìsinmi tirẹ̀. Àsìkò iṣẹ́ lè tó ọdún 2 sí 6, nígbà tí irun yóò máa gùn. Àsìkò ìsinmi jẹ́ nǹkan bí oṣù 3. Ní òpin rẹ̀, irun àtijọ́ a jábọ́, tuntun a sì hù jáde láti ìdí kan náà. Bí a bá mú irun 10 lórí ẹni tí ara rẹ̀ le, bí 9 nínú wọn ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí pé ìsinmi wọn kò bọ́ sí àkókò kan náà, irun 50 sí 100 ni ó ń jábọ́ lójoojúmọ́ láìsí ẹni tí ó fura.

Ohun mẹ́ta ni ó lè da ètò yìí rú. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ irun gba ìsinmi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí igi tí ó wọ́wé nígbà ọyẹ́. Irú igi bẹ́ẹ̀ kò kú, òjò àkọ́rọ̀ ni ó ń retí. Ó ṣeé ṣe kí ìdí irun máa kéré sí i lọ́dọọdún, bí iṣu tí a ń gbìn sórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá, tí ti ọdún yìí kéré sí ti èṣí. Ó sì ṣeé ṣe kí ìdí irun jóná kí àpá sì bo ojú rẹ̀, bí ibi tí wọ́n ti ń sun èédú, tí koríko kò ní hù níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí ó kù nínú pépà yìí dá lórí àwọn ọ̀nà mẹ́ta wọ̀nyí.

4. Irun tí ó re lẹ́yìn ibà

Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá kòkòrò ibà Lassa mọ̀, láti ara àwọn tí wọ́n ṣàìsàn ní ìlú Lassa, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Irú eku kan tí ó ní ọmú púpọ̀ ni ó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà tí ó bá kan oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé ni ènìyàn fi ń kó o, ó sì lè ti ara ènìyàn kan ran òmíràn. Federal Medical Centre tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ ti di ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tí a mọ̀ jù lọ fún ìtọ́jú rẹ̀. Nínú ìwádìí tí a pè ní LASCOPE, tí a ṣe níbẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2018 títí di oṣù kẹta ọdún 2020, aláìsàn 510 ni a tọpa wọn, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Àwọn 62 ni ó kú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó sì padà sílé wọn láàyè.

Ara àwọn tí ó padà sílé wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ irun ti wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú àwọn tí ó bá yè é, ìdá kan nínú mẹ́rin ni etí wọn máa ń di. Irun orí sì lè re fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ara bá ń bọ̀ sípò. Kì í ṣe ibà Lassa nìkan ni ó ń ṣe èyí. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun, iṣẹ́ abẹ ńlá, ẹ̀jẹ̀ tí ó dà nù púpọ̀ àti ebi tí ó pẹ́ lè fà á pẹ̀lú. Láti ọdún 2020 wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ni ó rí i lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àìsàn COVID-19.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Nígbà tí ibà ńlá bá gbé ara dè, ara a dín ìnáwó rẹ̀ kù, irun sì wà lára àwọn ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń fi sílẹ̀. Ìdí irun púpọ̀ a bọ́ sí ìsinmi pọ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi yìí gba nǹkan bí oṣù 2 sí 3 kí irun tó jábọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Ọkùnrin tí ó ṣàìsàn nínú oṣù kìíní, tí ara rẹ̀ sì ti le, tí ó ti padà sí oko kòkó rẹ̀, yóò ṣàdédé rí irun lórí ìrọ̀rí nínú oṣù kẹrin. Kò ní rántí ibà mọ́. Ó lè di ẹ̀bi náà ru ọṣẹ, tàbí onígbàjámọ̀, tàbí ọ̀tá ilé. Àwọn aládùúgbò tí ó rántí ibà náà sì lè rò pé àrùn ọ̀hún ni ó tún padà dé, kí wọ́n sì máa yẹra fún un. Irun tí ń re ní irú àkókò yìí kì í ṣe àmì pé àìsàn padà. Àmì pé ara ti la ìjà kan já ni.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí a fi í sílẹ̀ kí ó hù. Láàárín oṣù 6, irun tí ń re yóò ti dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, orí a sì kún padà kí ọdún tó yípo. Oúnjẹ tí ó ń gbé ara ró bí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ṣe pàtàkì, nítorí pé ara tí ebi ń pa kò ní rí ohun tí yóò fi hu irun. Kò sí ìdí láti ra oògùn olówó ńlá, kò sì yẹ kí a da kẹ́míkà ìrọ irun sórí tí ó ń sinmi. Bí ó bá kọjá oṣù 6 tí irun kò sì dúró, ó yẹ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, bóyá ẹ̀jẹ̀ kò tó ni, tàbí ẹṣẹ́ inú ọrùn tí à ń pè ní thyroid ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun kan tún wà tí ó ju irun lọ: ẹni tí irun rẹ̀ re lẹ́yìn ibà Lassa ní láti jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí pé irun yóò padà, ṣùgbọ́n etí lè má padà.

5. Orí pípá ti ìdílé

Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín ọkùnrin ní gbogbo ayé. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin ni ó ń hàn lára wọn tí wọ́n bá fi pé ẹni 50 ọdún. Ó dín díẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bátí méjèèjì àti àtàrí ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí irun ẹ̀gbẹ́ orí àti ti ìpàkọ́ yóò sì dúró. Awọ orí a máa mọ́ tónítóní, kì í yún, kì í ro ni.

Ní ọdún 1942, James Hamilton, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọkùnrin tí a ti tẹ̀ lọ́dàá. Ó rí i pé àwọn tí a tẹ̀ lọ́dàá kí wọ́n tó bàlágà kì í pá lórí. Ṣùgbọ́n bí a bá fún wọn ní testosterone, oje ara tí ń sọ ọmọdékùnrin di ọkùnrin, àwọn tí orí pípá wà nínú ìdílé wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Èyí fi hàn pé ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ pàdé: oje ara ọkùnrin àti ogún ìdílé. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé láti ọ̀dọ̀ ìyá ni a ti ń jogún rẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé ara ohun tí ọkùnrin gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nìkan ni ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ogún náà wà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn pọ̀ tí ó ń ti ọ̀dọ̀ bàbá wá.

Ní ọdún 1974, Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn nípa àwọn ìdílé kan ní Dominican Republic, tí àwọn ọkùnrin kan níbẹ̀ kò ní èròjà tí ń sọ testosterone di oje mìíràn tí ó lágbára jù ú lọ, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DHT. A rí i pé prostate wọn kéré, orí wọn kì í sì í pá. Bí àwọn onímọ̀ ṣe mọ̀ nìyí pé DHT ni ó ń mú kí ìdí irun máa kéré sí i lọ́dọọdún.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá wà ní ipò yìí. Èkíní ni minoxidil. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni a kọ́kọ́ fi í ṣe, a sì gbà á wọlé fún èyí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1979. Àwọn tí ó ń gbé e mì bẹ̀rẹ̀ sí í hurun káàkiri ara. Èyí ni ó mú kí a sọ ọ́ di omi tí a ń fi pa orí, tí a gbà wọlé fún irun ní ọdún 1988. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni a ń fi í pa orí. Ó lè mú kí irun kọ́kọ́ re sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, èyí tí ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ọ́ nù kí ó tó ṣiṣẹ́. Ó gbà tó oṣù 4 sí 6 kí a tó mọ̀ bóyá ó ṣe ni ní àǹfààní. Ọjọ́ tí a bá sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ni ohun tí ó fi hù bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ. Kò yẹ kí ọmọdé débi tí ìgò rẹ̀ wà, nítorí pé bí ènìyàn bá mu omi ìpara yìí, ó lè já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ gidigidi.

Èkejì ni finasteride, tí ó ń dá èròjà tí ń ṣe DHT lọ́wọ́ kọ́. Miligíráàmù 5 rẹ̀ ni a gbà wọlé fún prostate tí ó wú ní ọdún 1992. Miligíráàmù 1 ni a gbà wọlé fún irun ní ọdún 1997. Hóró kan lójúmọ́ ni, ó sì ń dín DHT inú ẹ̀jẹ̀ kù tó ìdá 70 nínú 100. Ó lè dín agbára ọkùnrin kù fún àwọn díẹ̀, aboyún kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tí ó fọ́, nítorí ọmọkùnrin tí ó lè wà nínú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ó ń dín òǹkà àyẹ̀wò PSA, tí a fi ń wá àrùn jẹjẹrẹ prostate, kù sí nǹkan bí ìdajì. Àrùn yìí sì ń ba àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jà ju àwọn mìíràn lọ. Bí ọkùnrin ẹni 55 ọdún bá ń lò ó tí kò sọ fún dókítà rẹ̀, èsì tí ó burú lè dà bí èyí tí ó dára. Ẹ̀mí ni a ó wá fi ra irun nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni kí a gbin irun. Shoji Okuda ti kọ nípa rẹ̀ ní Japan ní ọdún 1939, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Norman Orentreich tí ó jáde ní New York ní ọdún 1959 ni ó sọ ọ́ di mímọ̀. Ìdí irun ìpàkọ́, tí DHT kì í fi bẹ́ẹ̀ pa lára, ni a ń ṣí nípò lọ sí iwájú orí. Lára àwọn ènìyàn dúdú, ìdí irun ká bí ewé tí ó wé sábẹ́ awọ, ó sì gba ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kí a tó lè yọ ọ́ láìgé e. Ẹni tí ojú egbò rẹ̀ máa ń wú di kókó kò gbọdọ̀ dán an wò láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi tó dókítà awọ ara létí.

Ẹ̀kẹrin, tí ó rọrùn jù lọ, ni kí a fá orí kodoro, kí a sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni orí ẹni rí. Èyí pẹ̀lú jẹ́ ìtọ́jú, kò sì ní ìpalára, bí abẹ tàbí ẹ̀rọ ìfárí bá mọ́. Abẹ tí ó ti kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè gbé kòkòrò HIV tàbí ti àrùn ẹ̀dọ̀ wọ ara ẹni.

6. Irun tí àrùn mú lọ

Àrùn mẹ́rin ni ó yẹ kí a mọ̀ yàtọ̀. Làpálàpá orí ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì bàlágà. Ohun tí ó ń fà á bá funfun tí ń hù lórí búrẹ́dì tí ó ti pẹ́ tan. Awọ orí a máa hó, a máa yún ni, irun a sì kán sí ìdí. Ìpara nìkan kò lè wò ó, nítorí pé inú ìdí irun ni ó fara pamọ́ sí. Oògùn tí a ń gbé mì bíi griseofulvin, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, tàbí terbinafine, ni ó ń dé ibẹ̀. Bí ọmọ kan bá ní in nínú ilé, ó yẹ kí a wo orí àwọn yòókù.

Èkejì ni irun tí ó ṣí kúrò lójijì ní ojú kan tí ó rí róbótó, tí awọ ibẹ̀ sì ń dán. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ayé ni ó fọwọ́ kan orí olúwarẹ̀. Ọmọ ogun ara ẹni ni ó ṣi irun mú bí ọ̀tá. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ojú rẹ̀ kò pọ̀, ó máa ń hù padà fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan. Dókítà lè gún abẹ́rẹ́ triamcinolone sí awọ ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 síra wọn. Fún èyí tí ó bo gbogbo orí, Amẹ́ríkà gba oògùn baricitinib wọlé ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga púpọ̀, ó sì gba ìṣọ́ra dókítà.

Ẹ̀kẹta ni kókó wẹ́wẹ́ tí ń sú sí ìpàkọ́ àti ẹ̀yìn ọrùn àwọn ọkùnrin tí ń fá irun mọ́ awọ. Irun tí a fá, tí ó ká, ń gún awọ padà. Awọ a wú, kókó a le, àpá a sì bo ìdí irun. Níbi tí àpá bá ti bo irun, kò ní hù mọ́. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni kí a yé fá irun ibẹ̀ mọ́ awọ. Bí a bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, oògùn pípa àti oògùn gbígbé mì lè pa á rọ. Bí ó bá ti di òkìtì, iṣẹ́ abẹ ni ó kù.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn àrùn tí ń jà nínú ara tí irun kàn jẹ́ ẹlẹ́rìí wọn. Syphilis, àrùn ìbálòpọ̀, lè mú kí irun ṣí káàkiri bí aṣọ tí kòkòrò jẹ; abẹ́rẹ́ penicillin ni ó ń wò ó. Ẹ̀tẹ̀ a máa mú irun òkè ojú lọ. Ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ láti ọdún 1995 nípasẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹni tí ó bá fi òróró pa irú irun bẹ́ẹ̀ ń nu ẹnu ọ̀nà nígbà tí ilé ń jó ni.

7. Òrí, àdín àti àlùbọ́sà

Kò tọ́ kí a fọwọ́ rọ́ ohun tí ìyá àti bàbá ń lò tì sẹ́yìn. Òrí àti àdín ń mú kí irun rọ̀, kí ó má kán, kí awọ orí má sì gbẹ. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n wọn kò yí ohun tí DHT ń ṣe ní ìdí irun padà. Ní ti omi àlùbọ́sà, ìwádìí kékeré kan láti Iraq, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, sọ pé ó mú kí irun hù lórí ènìyàn 20 nínú 23. Àwọn tí irun wọn ṣí ní róbótó lójijì ni a fi ṣe é, èyí tí ó máa ń hù fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. A kò lè tìtorí rẹ̀ sọ pé àlùbọ́sà ń wo apárí sàn.

Ohun tí ó léwu ju àlùbọ́sà lọ ni àwọn ìpara tí ó ní clobetasol nínú, tí àwọn ènìyàn ń rà láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Ó ń mú kí ìyún dáwọ́ dúró kíákíá, ẹni tí ń lò ó a sì rò pé ara ti yá. Bí ó bá jẹ́ làpálàpá ni, ńṣe ni ìpara náà ń bò ó mọ́lẹ̀ tí ó sì ń gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí a bá lò ó pẹ́, awọ a di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

8. Àgbálọgbábọ̀

Gbogbo àlàyé yìí ni a lè kó sínú ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí ọkùnrin bi ara rẹ̀ kí ó tó ná kọ́bọ̀, tí ó sì yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ bi í. Ìbéèrè kìíní: ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ ní oṣù 3 ṣáájú rẹ̀? Bí ibà ńlá bá wà níbẹ̀, sùúrù ni. Ìbéèrè kejì: ibo ni irun ti lọ? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bátí àti àtàrí, tí ó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ogún ìdílé ni. Kò sí ìkánjú níbẹ̀, àyè wà láti rò ó dáadáa. Ìbéèrè kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: báwo ni awọ ibẹ̀ ṣe rí? Bí ó bá ń hó, tí ó ń yún, tí ó ní egbò, tí ó wú, tàbí tí àpá ti bò ó, kí olúwarẹ̀ má ṣe dúró di ọ̀la.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí ni yóò pinnu bóyá òun yóò ra oògùn, yóò gbin irun, tàbí yóò fá a kodoro. Ṣùgbọ́n kò lè pinnu dáadáa bí kò bá mọ irú èyí tí ó ṣe òun. Iṣẹ́ àwọn tí ó mọ̀ ni láti fi yé e ní èdè tirẹ̀, kí owó tí ó yẹ fún oúnjẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yè nínú ibà má baà lọ sórí ìgò òróró, kí ẹni tí àrùn sì ń jẹ awọ orí rẹ̀ má baà jókòó máa retí pé irun yóò hù.